Olórin Kì í Ṣe Alágbe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un." Òwe yìí ń bá olè wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ àjà tí ó na ọwọ́ sókè ni ó ń bá wí jù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàrin wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò jẹ́ wọ oko olóko, tí kò sì jẹ́ fi ọwọ́ kan owó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń gba orin jíjí lójoojúmọ́ láìsí pé ọkàn rẹ̀ dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn yìí wò lára àwọn ìbejì kan tí òkìkí wọn kàn. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni a ti bí Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdú ní ọdún 1948. Kí ọdún 1970 tó dé, àwo orin wọn àkọ́kọ́ ti jáde. Láti ọdún 1976 títí di ọdún 1979, wọ́n ṣe àwo ńlá mẹ́rin ní abẹ́ àmì Afrodisia ní Èkó. Orúkọ wọn ni Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Wọ́n kọrin ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ obìnrin inú iṣẹ́ orin kò ju agberin lọ, àwọn méjèèjì bọ́ sí iwájú, wọ́n ń dá orin tiwọn sílẹ̀.

Àwọn baba wa gbà pé ìbejì a máa sọ ilé òtòṣì di ilé ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ìbejì yìí rí? Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé èrè orin àwọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n fi New York ṣe ibùgbé. Ní ọdún 2006, gbajúmọ̀ olórin kan ní ilẹ̀ náà mú ohùn wọn nínú orin wọn kan, ó fi kún tirẹ̀ láìgba àyè. Ní ọdún 2011 àti 2012, a tún àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn tí a kò tí ì bí nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe wọ́n sì ń rà wọ́n. Kẹ́hìndé kú ní New York ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ẹni ọdún 71. Ohun tí ènìyàn ṣì ń wá kiri lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ta ni yóò pè é ní ohun yẹpẹrẹ?

Síbẹ̀, àwọn kan ń sọ pé eré ni orin, àti pé ẹni tí ń ṣeré kò yẹ kí ó béèrè owó. Èmi bi wọ́n léèrè: nígbà tí ahunṣọ bá ń kọrin nídìí òfì, ǹjẹ́ a máa ń tìtorí pé inú rẹ̀ dùn kí a gbé aṣọ rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Ayọ̀ tí ó wà nínú iṣẹ́ kò sọ iṣẹ́ di ọ̀fẹ́.

Àwọn mìíràn ní òkìkí tó fún olórin. Kí wọ́n gbé òkìkí lọ sí ọjà, kí wọ́n fi ra gààrí kóńgò kan, kí a rí i.

Àwọn kẹta ni wọ́n léwu jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn jọ òtítọ́. Wọ́n ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ aláìní ni mí, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo gbà kò lè pa olórin lára." Ẹ wo bí òwò náà ti rí. Olórin ni ó san owó onílù, owó onígìtá àti owó ilé tí a ti gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ọjà Aláàbà ní Èkó ní ayé kásẹ́ẹ̀tì kò san nǹkan kan ju owó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ. Nítorí náà ni ó fi lè tà á ní ọ̀pọ̀, tí ó sì lé olóhun kúrò nídìí ọjà ara rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ alágbèéká ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì, àdàkọ kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bùkátà kéékèèké ni ìkán ń bù jẹ, ṣùgbọ́n ilé a máa wó.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní ọdún 1970, ó ṣe òmíràn ní ọdún 1988, Ààrẹ sì fọwọ́ sí tuntun ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ni yóò dúró ti àpò akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan? Àwọn baba ńlá wa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú. Bí ìyá ìbejì bá jó dé ọjà, ẹni tí ó dúró wò ó a fún un ní nǹkan kí ó tó kọjá. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó gbọ́ ti jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ràn olórin kan nígbà tí ẹ ń jẹ òógùn rẹ̀ láìsan owó. Ẹ ra orin. Bí ẹ kò bá lágbára àtirà á, ẹ gbọ́ ọ níbi tí olóhun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì nawọ́ orin jíjí sí yín, ẹ rántí epo àjà, kí ẹ fa ọwọ́ yín sẹ́yìn.