Ta Ló Kọ Ìwé Tí Wọ́n Fi Ń Dá Obìnrin Lẹ́jọ́?

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọkùnrin kan tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bí mi nínú. Ó ní láyé àtijọ́, títí dé ìlú òyìnbó, kò sí aya tó ń bá ọkọ du àṣẹ, pé ìwé àtijọ́ ló jẹ́rìí òun. Gbogbo àwọn tó pè síbẹ̀ ló ń kan sáárá sí i. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi í pé ta ló kọ àwọn ìwé ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bí 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn àlùfáà àti akọ̀wé ìjọ, tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ láya, ló ń kọ̀wé lórí ìwà aya. Geoffrey Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, gbé obìnrin kan dìde nínú ìwé rẹ̀ The Canterbury Tales kó wá ro ẹjọ́ tirẹ̀: Alisoun, ahunṣọ láti ìtòsí Bath. Ọkọ márùn-ún ló ti fẹ́, ó sì ti rin ìrìn-àjò dé Jerúsálẹ́mù lẹ́ẹ̀mẹta. Jankyn, ọkọ karùn-ún, tó kàwé ní Oxford, ní ìwé kan tó kún fún ìtàn aya burúkú, láti orí Éfà wá. Alaalẹ́ ló ń kà á sí ìyàwó rẹ̀ létí. Nígbà tó sú Alisoun, ó fa ojú ewé mẹ́ta ya, ó sì gbá Jankyn lẹ́rẹ̀kẹ́ títí tó fi ṣubú sẹ́yìn sínú iná. Jankyn dìde, ó gbá òun náà ní ẹ̀ṣẹ́ lórí. Etí Alisoun kan di láti ọjọ́ náà.

Ẹnìkan á ní ọkùnrin ni Chaucer fúnra rẹ̀. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Christine de Pizan kì í ṣe ọkùnrin. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ìwé kíkọ ló fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, ìwé tó sì kọ ní 1405 dá àwọn tó ń ba obìnrin jẹ́ lóhùn.

Àmọ́ ká gbọ́ tẹnu obìnrin nìkan kò tíì tó. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí gan-an nígbà náà nìyẹn: bí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, owó àti ẹrù rẹ̀ di ti ọkọ, ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ àṣẹ ọkọ. Alisoun ti kó gbogbo ohun tó jogún lọ́dọ̀ àwọn ọkọ ìṣáájú lé Jankyn lọ́wọ́, ó sì kábàámọ̀. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kò parí ìjà wọn. Ìgbà tí Jankyn dá àṣẹ ilé àti ilẹ̀ padà fún un, tí ìwé ọ̀hún sì jóná, ni àlàáfíà tó dé.

Margery Kempe ará Lynn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìtàn àròsọ ní tirẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n bá òun kọ ìtàn ara òun sílẹ̀. Ó ti pọn bíà tà rí, ó sì ti bímọ 14. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1413, òun àti John ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti York nínú ooru, ìgò bíà lọ́wọ́ Margery, àkàrà òyìnbó láyà aṣọ John. Margery ò fẹ́ kí ọkọ bá òun sùn mọ́, ìjọ kò sì ní gba irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aya láìjẹ́ pé ọkọ yọ̀ǹda. John sọ ohun tí òun náà fẹ́ gbà: kó san gbèsè tó wà lọ́rùn òun kó tó lọ Jerúsálẹ́mù, kó sì máa bá òun jẹ, kó máa bá òun mu lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ ààwẹ̀ Margery. Margery kọ́kọ́ yarí lórí ti ọjọ́ Ẹtì. Ó lọ gbàdúrà, ó padà wá, ó gbà. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ nídìí àgbélébùú kan, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lọ́dún yẹn kan náà, Margery wọkọ̀ ojú omi lọ, John kò sì dá a dúró.