Ta Ló Lè Ta "Títí Láé" Lórí Ayélujára?

Ẹni tó bá gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ibafọ àti Mowe yóò rí pátákó àwọn tó ń ta ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ifọ̀, lọ́nà Abẹ́òkúta. Owó àsìkò ni wọ́n ń san lórí pátákó. Bí owó bá tán, pátákó á sọ̀kalẹ̀. Kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò máa ń sanwó kí ìkànnì kan lè gbé àpilẹ̀kọ nípa wọn jáde, kí línkì tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní backlink, lè mú kí Google gbé orúkọ wọn sókè. Àdéhùn tí mo sì máa ń gbọ́ ni pé yóò wà níbẹ̀ "títí láé". Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ní títí láé lọ́wọ́ débi tí yóò tà á. Iye ọdún ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ayálégbé ni ẹni tó ni ìkànnì fúnra rẹ̀. Ì báà jẹ́ .com tàbí .ng, àsìkò ni wọ́n ń sanwó orúkọ ìkànnì fún. Ní 2024, Pew Research Center ní Amẹ́ríkà jábọ̀ pé nínú ojú-ewé 100 tó wà lórí ayélujára ní 2013, nǹkan bí 38 ni kò ṣe é ṣí mọ́ ní 2023. Nílé níbí, ìwé ìròyìn NEXT tí Dele Olojede dá sílẹ̀ kógbá wọlé ní 2011, ìkànnì rẹ̀ náà sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ṣì ṣe é kà, nítorí pé àwọn èèyàn tọ́jú bébà rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ tiẹ̀ lè wà kí línkì inú rẹ̀ má wúlò mọ́. Láti 2019 ni Google ti ní kí wọ́n máa fi àmì "sponsored" sí línkì tí wọ́n bá sanwó fún. Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ lòdì sí òfin wọn, ó sì lè fa ìkànnì oníṣòwò náà sẹ́yìn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló ká mi lára jù. Àpilẹ̀kọ lè sọ pé ilẹ̀ kan ní Mowe kò ní wàhálà ọmọ onílẹ̀, pé ìwé rẹ̀ pé. Bí ìjà bá dé tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Bó bá sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, á ṣì máa tan èèyàn jẹ.

Àwọn kan á ní oníbàárà yóò sá bí a bá dárúkọ ọdún. Ṣé ayálégbé ń sá fún onílé tó ní ọdún méjì lòun ń gbà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń kọ irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ fún owó, ẹ jẹ́ kí iye ọdún àti déètì hàn kedere, kí ẹ kọ ọ́ sókè pé ìpolówó ni, kí ẹ sì sọ iye tí wọn yóò dá padà bó bá kúrò ṣáájú àsìkò. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tàbí kí ẹ fi pamọ́ sínú Wayback Machine. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba ní Abẹ́òkúta.