Ọyẹ́ Nìkan Kọ́

Bí ẹ bá wọ Ayétẹ̀ láàárọ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ẹ bèèrè ìdí tí àwọn ọmọdé fi ń wúkọ́, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: “Ọyẹ́ ni.” Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè mọ iṣẹ́ tí “ni” yìí ń ṣe. Nínú gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́, ohun tó bá ṣáájú “ni” ló ń ru gbogbo ẹrù, ohun yòókù á sì fara pamọ́. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ jù tí “ni” yìí ti ń gba èéfín lẹ́jọ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, ọyẹ́ jẹ̀bi tirẹ̀. Láti oṣù Bélú títí di oṣù Ẹrẹ́nà, atẹ́gùn gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Bodélé, ilẹ̀ adágún àtijọ́ tó ti gbẹ ní orílẹ̀-èdè Chad, wà lára ibi tí eruku ti ń tú jáde jù lọ láyé. Eruku yìí ń gba òkè ọya wá bá wa, ó sì ń kọjá sí Benin láìdúró fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìbàràpá jìnnà sí òkun, ọ̀dàn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ọ̀nà là fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa náà ń ṣe lásìkò yẹn. Ìgbà náà gan-an ni ọdẹ ń dáná sungbó, tí àgbẹ̀ ń sun pápá, tí wọ́n ń sun èédú. Lóru ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń tètè tutù. Afẹ́fẹ́ tútù á dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á bò ó lórí bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín tí a bá dá lálẹ́ kò ní rí ọ̀nà gòkè àfi ìgbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná. Kùrukùru tí ẹ ń rí ní aago méje àárọ̀, eruku Sàhárà wà nínú rẹ̀, èéfín tiwa náà wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní oṣù Òkúdù. Atẹ́gùn ń ti òkun wá nígbà náà, òjò ti fọ ojú sánmà, kò sí ọyẹ́ kankan. Síbẹ̀ ojú wọn ń pọ́n, wọ́n sì ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020.

Ẹnìkan á ní, ṣé kí wọ́n má yan gàrí mọ́ ni? Rárá o. Owó gàrí ló rán ọ̀pọ̀ wa wá sí yunifásítì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnu ààrò wà lẹ́yìn ògiri, kí ihò èéfín wà lókè, kí igi gbẹ dáadáa kó tó wọ abẹ́ agbada. Kí àwọn ọba àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fẹnu kò lórí ìgbà tí a lè sun pápá, kí á sì yé sun pàǹtírí lálẹ́.

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìbàràpá, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Ìgbò-Ọrà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ dé Ayétẹ̀. Iṣẹ́ tiwa, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ni láti kọ ìkéde rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kó má jẹ́ Yorùbá inú ìwé nìkan.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọyẹ́, ṣùgbọ́n a lè dín èéfín kù. Bí wọ́n bá tún bi wá ní ìdí ikọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká tún gbólóhùn náà ṣe: ọyẹ́ àti àwa ni.