Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà Yorùbá, tí wọ́n ti ń gba àlejò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ìlú tí ẹsẹ̀ àjèjì kì í tẹ̀, ni wọ́n pa á lówe pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi òwe náà ṣe: bí àjèjì bá wọ bàtà gun orí ẹní, tàbí tí ó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹnì kan á pa á, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èmi kò gbà pé nítorí ẹ̀rín ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Bí ojú bá wà lórí àlejò tí kò sì ríran, ẹni tí ó ni ilé, tí ó sì ní ẹnu, tí kò là á láti sọ̀rọ̀, òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Onílé ni òwe náà ń bá wí. Àwa tí à ń fi rẹ́rìn-ín ni kò mọ̀.

Ní ọdún 1825, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander àti àwọn mìíràn, wọ́n sì la ilẹ̀ Yorùbá já títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826. Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ẹni tí ìtàn ń pè ní Májọ̀tú, gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, ó bọ́ wọn, ó sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dá wọn dúró. Lára ohun tí ó gbé ọkùnrin náà kúrò nílé ni odò Ọya, nítorí ó ń fẹ́ mọ ibi tí omi ńlá náà gbà dé òkun. Odò ọ̀hún kò sì jìnnà sí ibi tí ó jókòó sí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wò ó, wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹun Aláàfin, tí ó wo ijó, tí ó wo eré, tí ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì rí gbogbo ohun tí a fi hàn án, tí ó sì jáde kúrò ní Ọ̀yọ́ láìrí èyí tí ó ń wá. Ó kú ní Sókótó ní ọdún 1827 láìmọ ibi tí odò náà já sí. Lander ni ó padà wá ní ọdún 1830 pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, tí àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ní Bùsà, tí wọ́n bá omi lọ títí dé òkun.

Ọ̀nà Àgbádárìgì yẹn náà ni àwọn arìnrìn-àjò òde òní ń gbà wọ Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn láti Àkíráà, tí wọ́n gba Lọ́mẹ̀ àti Kútọnu, tí wọ́n la ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ ní Mile 2. Irú wọn kò ṣàjèjì sí wa, nítorí Olábísí Àjàlá, ọmọ tiwa, ti gun alùpùpù káàkiri ayé kí wọ́n tó bí wọn, ó ti kọ ìwé rẹ̀, An African Abroad, ní ọdún 1963, Ebenezer Obey sì ti fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Láti Mile 2, Okota kò jìnnà, ilé ìtura tí owó rẹ̀ kò gani lára sì pọ̀ ní ẹ̀bá Ago Palace Way. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn kan wọ̀ sí ní oṣù Ọ̀pẹ: ọkùnrin méjì láti Jámánì, ọmọ Gáńà kan, àti ọmọbìnrin kan láti Kútọnu, ẹgbẹ́ ọ̀nà ni gbogbo wọn, ibùsùn arìnrìn-àjò ni wọ́n ti pàdé.

Mo ti bọ́ aṣọ òde nígbà tí ọmọ náà kan ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ní, "iná ti lọ, ooru mú, wọ́n ní àwọn kò lè sùn, àwọn fẹ́ jáde nísinsìnyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ, èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ Okota lóru." Mo wọ dàńṣíkí mi padà. Kí a tó rìn dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò, àwọn ará Jámánì ti na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan tí ó fara pamọ́ sí ibi òkùnkùn. Ní Kútọnu tí wọ́n ti ń bọ̀, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí wọ́n má gun zémidjan, ọ̀kadà ti ibẹ̀, tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè. Wọn kò sì rí ìdí tí ti Èkó yóò fi yàtọ̀. Mo sọ fún wọn pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní gbogbo Òṣòdì òun Ìsọlọ̀, àti pé òfin náà kò yọ ẹni tí a gbé sẹ́yìn sílẹ̀. Ojú wọn rí ọ̀kadà, kò rí òfin. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni a wọ̀.

Ago Palace Way lóru, ẹ̀yin ará Okota ẹ mọ̀ ọ́n: jẹnẹrétọ̀ ń ké ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, orin ilé kan ń bá ti èkejì jà, ẹja àrọ̀ ń fò nínú ọpọ́n ńlá, èéfín sùyà ń wọ aṣọ ẹni. A jókòó, wọ́n gbé nkwobi wá, ọmọ Gáńà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin oúnjẹ Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò pa òwe. Mo ní ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ tí ẹ jókòó sí, oúnjẹ ará wa Ígbò ni ẹ ń jẹ, Hausa ni ẹni tí ń sun ẹran nì, ìyá tí ó sì ń pariwo lé ọmọ rẹ̀ lórí nídìí ẹja yẹn, Ígbò ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ó sì fi ń bú u. Wọ́n dákẹ́, wọ́n tún wo àyíká. Kí n tó sọ èyí, Lọ́mẹ̀ àti Àkíráà ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ìlú tí wọ́n ti kúrò ni wọ́n ń rí. Ẹgbẹ́ ọ̀nà dára, ó ń lé ẹ̀rù lọ, ó sì ń dín owó kù, àmọ́ bí àlejò márùn-ún bá kó ojú mẹ́wàá jọ sí ibi tí wọn kò mọ̀, òkùnkùn ibẹ̀ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dín.

Ọmọbìnrin Kútọnu ni ó bi mí bóyá ẹ̀rù òru kì í ba ará Èkó. Mo wá rántí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Àwọn ará ìlú kò mọ ohun tí ń dún. Àwọn kan rò pé ogun ti dé. Wọ́n ń sá nínú òru, ọ̀pọ̀ wọn sì já sínú odò kòtò ní Òkè-Àfà, nítòsí wa níhìn-ín, tí ewéko bo ojú rẹ̀ tí ó fi dà bí ilẹ̀. Àwọn tí ó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000. Onílé ni wọ́n, ojú wọn là sílẹ̀ gbàgà, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ẹnu kan tí ó tètè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, wọ́n di àlejò ní àdúgbò tí a ti bí ọmọ wọn. Láti ìgbà náà ni n kò ti ń fi òwe yìí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé onílé tí ó bá ń sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ ń ta ilé rẹ̀ ni, n kò sì lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Lẹ́yìn tí àwọn Lander mọ ọ̀nà odò, ọkọ̀ òyìnbó kò tún dá ẹsẹ̀ dúró mọ́. Ní ọdún 1851 wọ́n yìnbọn lu Èkó, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861 Ọba Dòsùnmú sì tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi ìlú lé wọn lọ́wọ́. Bóyá Májọ̀tú rí jìnnà ju bí a ti ń rò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó jókòó tì mí ní Okota kò gbé ìbọn, wọn kò mú ìwé àdéhùn lọ́wọ́; aṣọ ìdọ̀tí ni ó kún àpò wọn. Ìmọ̀ tí a bá fi pamọ́ fún irú wọn, ahun lásán ni.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Ìbàdàn ni ó kàn, pé ọ̀la ni, àti pé fóònù àwọn yóò júwe gbogbo ọ̀nà, mo pe ìbátan mi kan ní Mọ́kọ́lá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ ti rékọjá. Ó kọ́kọ́ bú mi dáadáa, ó béèrè bóyá orí mi pé, lẹ́yìn náà ni ó ní: "Sọ fún wọn kí wọ́n má bọ́ sílẹ̀ ní Ìwó Road o. Challenge ni kí wọ́n ti bọ́, èmi ni n óò wá mú wọn. Àti pé, ṣé wọ́n ń jẹ àmàlà?"