Táyà Tòkunbọ̀ àti Ẹ̀mí Wa: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ará Ìpínlẹ̀ Ògùn Mọ̀ Kí Ó Tó Ra Táyà

Bí ọdún bá ti ń kógbá sílé, tí ìrìnàjò sì ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ti Ṣàgámù sí Ọrẹ, ìkìlọ̀ kan náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń tẹnu mọ́: ẹ má sá eré àsápajúdé, ẹ má mutí wakọ̀, ẹ yẹ táyà yín wò. Etí gbogbo wa ti mọ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, táyà mẹ́rin nìkan ni ó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti kan ọ̀dà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2016, Ọ̀gbẹ́ni James Ocholi, tí ó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò iṣẹ́ nígbà náà, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Ohun tí àjọ FRSC sọ ni pé táyà ọkọ̀ wọn ni ó bẹ́ lórí eré. Bí ọkọ̀ mínísítà kò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ká ti sọ nípa bọ́ọ̀sì tí ó ń ná Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́?

Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà nílẹ̀ wa. Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ dúró láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà tuntun ti ń wá, bí náírà bá sì ti ń ṣubú ni owó rẹ̀ ń gun òkè. Ibẹ̀ ni táyà tòkunbọ̀ ti rí ààyè. Òfin ìjọba àpapọ̀ ka táyà àlòkù ti ọkọ̀ kéékèèké mọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ẹ̀bá títì. Ìpínlẹ̀ wa tí ó bá Orílẹ̀-èdè Benin pààlà kò sì lè sọ pé òun kò mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé.

Ọjọ́ orí ni àléébù táyà tòkunbọ̀. Bí rọ́bà bá ti ń pẹ́ ni ó ń gan, tí ó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Táyà tí ẹlòmíràn ti bọ́ dànù ní òkè òkun ni a ń fọ̀, tí a ń fi nǹkan dúdú kùn, tí ó ń dán bí tuntun lójú ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ọ̀dà bo ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí a kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ni kí ẹ kà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, a ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ má ṣe ná an rárá.

Àjọ SON, tí ń rí sí ojúlówó ọjà, ní kí táyà má ṣe ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí a ti ṣe é. Michelin fi àyè sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn ọdún 5, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí a sì yọ ọ́ bí ó bá ti pé 10. Ṣùgbọ́n oòrùn tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ilẹ̀ tiwọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé táyà tí ẹnikẹ́ni kò lò rí lè ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ni kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn àmì yòókù náà ní ìtumọ̀. Bí ẹ bá rí 195/65R15 91V, 195 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà. 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. 91 ń sọ pé ẹrù tí táyà kan lè gbé kò ju kílógíráàmù 615 lọ. V ń sọ pé eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Òfin wa kò gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè ju 100 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ẹrù ni ó yẹ kí ó jẹ wá lógún ju lẹ́tà eré lọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò mẹ́rin sẹ́yìn, tí ẹ tún ń kó iṣu sí búùtù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń yọ rímù tí ó bá ọkọ̀ dé, tí wọ́n ń fi rímù ńlá àti táyà pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀ nítorí ẹwà ọkọ̀ eré-ìje. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wa ọkọ̀ ara wọn lọ sí pápá eré-ìje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a máa ní táyà oríṣi méjì: ti títì àti ti pápá. Táyà pápá a máa di ilẹ̀ gbígbẹ mú ṣinṣin bí ó bá ti gbóná, ṣùgbọ́n ilà ojú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilà yẹn ni ó ń gbá omi kúrò lábẹ́ táyà. Níbi tí kò bá sí, ọkọ̀ yóò léfòó lórí omi, bíréèkì kò sì ní mú un. Táyà pẹlẹbẹ ní tirẹ̀ kò ní ìtìmùtìmù láàárín rímù àti kòtò. Kòtò kan lè tẹ rímù, kí ó sì já okùn inú táyà. Ohun tí ó yẹ pápá tí ó tẹ́jú bí ẹní kò yẹ ọ̀nà Ọ̀tà ní àsìkò òjò.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, owó náà kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Àtúnṣe ọ̀nà àti àbójútó ọjà jẹ́ ojúṣe ìjọba, ó sì tọ́ kí ẹ máa bi wá léèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kò kéré. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tí ń dá àjọ lè fi àjọ náà ra táyà tuntun fún ọmọ ẹgbẹ́ ní àyípoyípo. Bí owó méjì péré bá wà, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí, nítorí bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, apá kì í ká ọkọ̀ mọ́. Ẹ fi gééjì wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀: táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa gbóná, ooru náà ni í sì bẹ́ ẹ. Bí ojú táyà bá ti dọ́gba pẹ̀lú kókó kékeré inú ilà rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ̀yin èrò pẹ̀lú, kí ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà rẹ̀. Bí ó bá ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tàbí tí okùn ti yọ lára rẹ̀, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.