Ẹ Má Fi Rọ́bà Di Èjí Ọmọ

Ìyá kan tí ó jẹ́ olùkọ́ kọ̀wé sí mi pé èjí ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 8, fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Fèrèsé. Ẹnì kan sì ti ní kí òun fi rọ́bà dè é. Ó ní kí ni mo rí sí i?

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Ojú mi ti rí nǹkan.

Láyé àtijọ́, ẹwà ni èjí; ẹni tí kò ní in a máa wá ẹni tí yóò bá òun pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ń sunkún nítorí tirẹ̀, ọmọ ọdún 9 ni nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo mú rọ́bà kékeré, irú èyí tí ẹ̀yin oníṣòwò fi ń di owó, tí mo lọ́ ọ mọ́ eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń súnmọ́ra. Mo ń yangàn! Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, a kò rí rọ́bà mọ́, mo sì rò pé ó ti gbé e mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ẹran ìdí eyín wú, eyín méjèèjì gùn jáde, wọ́n sì ń mì bí òpó tí ikán jẹ.

Dókítà eyín wò ó, ó ní, “Bàbá, rọ́bà yín ṣì wà níbẹ̀.” Ìdí eyín tín-ín-rín lọ sókè bí ìdí òkòtó, nítorí náà ni rọ́bà ṣe ń yọ́ gùn ún, tí ó ń já àwọn okùn tí ó so eyín mọ́ egungun. Wọ́n la ẹran, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi wáyà so eyín náà mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan dúró. Wọ́n yọ èkejì.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ó ṣeé ṣe kí èjí náà pa ara rẹ̀ dé. Nígbà tí eyín ajá ti òkè bá sọ̀kalẹ̀, ní bí ọdún 11 tàbí 12, ó máa ń ti àwọn ti iwájú súnmọ́ra nínú ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ìdí nìyí tí oníṣègùn tí ń to eyín kì í fi wáyà bẹ̀rẹ̀. Yóò ní kí ọmọ pa eyín dé, yóò wo eyín ńlá tí ó ń hù ní bí ọdún 6, èyí tí Edward Angle ará Amẹ́ríkà fi pín eyín tí kò tò sí ìsọ̀rí ní 1899. Yóò ya àwòrán egungun, yóò bèèrè bóyá ọmọ ń mu ìka. Bí wáyà bá sì tọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà á, kí egungun lè yọ́ níwájú kí òmíràn sì hù lẹ́yìn. Ó lè gba ọdún kan ààbọ̀ sí méjì. Owó rẹ̀ kò kéré, nítorí náà ẹ bèèrè àpapọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ohun tí ọmọ yóò máa fi sẹ́nu lẹ́yìn wáyà, kí eyín má bàa padà, wà nínú rẹ̀.

Màmá, bí ẹ bá ti so rọ́bà náà, ẹ gé e lálẹ́ òní, kí ẹ sì kà á. Bí iye tí ẹ so kò bá pé, kí ilẹ̀ ọ̀la bá yín ní ilé ìwòsàn eyín.