777 kì í ṣe oògùn "permission denied"

1/ Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí server, ẹ má bínú, ó ti tó gẹ́ẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọdé kan bá ti ní òun fi rsync kó fáìlì láti server kan sí òmíràn, tí website wá kọ̀ tí kò ṣí, èsì kan náà lẹ ń fún un: "Fi chmod -R 777 sí i jàre." Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o.

2/ Kí ni 777 ń sọ? 4 ni àṣẹ láti kà, 2 láti kọ, 1 láti mú un ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ fódà, 1 yẹn ni àṣẹ láti wọlé. Ẹ ro ó pọ̀, ó di 7. 7 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni fáìlì, èkejì ti ẹgbẹ́, ìkẹta ti ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí server yẹn. Ìkẹta yìí gan-an ni mò ń bá yín jà sí.

3/ Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú fódà náà? Pásíwọ̀ọ̀dù database. Orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà fóònù wọn. Bí website ẹlòmíràn lórí server kan náà bá ní ihò, ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé á ka tiyín, á tún kọ tiẹ̀ sí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín la ògiri.

4/ Ibi tí wàhálà ti ń wá rèé: -a dúró fún -rlptgoD. p ń gbé àṣẹ, g ń gbé ẹgbẹ́, o ń gbé ẹni tó ni fáìlì. Ṣùgbọ́n root nìkan ló lè sọ fáìlì di ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá wọlé sí server kejì bíi deploy lásán, deploy ló máa ni ohun tẹ́ ẹ kó dé. Bí àṣẹ rẹ̀ bá jẹ́ 600, www-data ò lè kà á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5/ 777 yín ò tiẹ̀ ní pẹ́. Lọ́la tẹ́ ẹ bá tún fi -a gbé e, p á dá 600 padà. Ẹ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

6/ Oògùn rẹ̀ ò gùn:

rsync -rltp --chmod=D755,F644 --exclude=.env app/ deploy@server2:/var/www/app/

Fódà gba 755, fáìlì gba 644: ẹni tó ni ín ló ń kọ, àwọn yòókù kàn ń kà ni. Ẹ fọwọ́ gbé .env síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, 640, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ www-data. Fódà tí àwọn èèyàn ń gbé fọ́tò sí nìkan ni kí www-data máa kọ nǹkan sí. Bí script bá wà láàárín wọn, F644 á gba x lọ́wọ́ rẹ̀, torí náà ẹ yà á sọ́tọ̀.

7/ Kẹ́ ẹ tó tẹ Enter, ẹ fi -ni kún un. n ò ní jẹ́ kó gbé nǹkan kan. i á fi hàn yín ohun tó fẹ́ yí padà.

8/ Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "oníbàárà ń pariwo, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́." Ilé tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ náà ṣeé wọ̀. SSH gan-an, bí kọ́kọ́rọ́ yín bá wà ní 777, á ní òun ò lò ó. Ṣé kí SSH wá gbọ́n jù wá lọ ni?

9/ Ọmọdé tó ń bi yín léèrè lónìí lè jókòó ti server ilé ìwòsàn lọ́la. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ ló máa ṣe níbẹ̀.